Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: ìtàn bí a ṣe ń yan turbo fún ọkọ̀ asáré, láti 1905 títí di òní

Àkótán

Iṣẹ́ yìí sọ ìtàn bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe kọ́ láti yan turbo tó bá ẹ́ńjìnì ọkọ̀ asáré mu. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìbéèrè tí wọ́n ń bi turbo yí padà láàárín nǹkan bí àádọ́rin ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń béèrè bí agbára náà yóò ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí agbára náà yóò dé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra turbo fúnra rẹ̀ lónìí ṣì wà lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, owó àti ẹ́ńjìnì sì ń bá a lọ. Ní ìparí, a wo ọ̀rọ̀ tí èdè Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá lè fi sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a bá yàn ló ń darí ìbéèrè tí a ó béèrè.

1. Ìfáàrà

Turbo kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa mọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù tó ń ti Yúróòpù gba èbúté Cotonou wọlé ló ní in, pàápàá àwọn tó ń lo ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì. Mẹkáníìkì ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ ń tú u, ó ń nù ún, ó sì ń dá a padà sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n turbo tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ kọ́ ni iṣẹ́ yìí dá lé. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà ti yan ìwọ̀n rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti mẹkáníìkì ni kó fi irú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀ bí ó bá bàjẹ́.

Ohun tí a fẹ́ wò ni turbo tí oní-ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ rà lọ́jà, tó fi rọ́pò ti ilé iṣẹ́, tàbí tó fi sí ẹ́ńjìnì tí kò ní in rí, nítorí pé ó fẹ́ kí ọkọ̀ asáré rẹ̀ sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Níhìn-ín, kò sí ẹni tó ti bá a yan ìwọ̀n. Turbo tó wà lọ́jà pọ̀, ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, iye agbára ẹṣin tí wọ́n lè mú wá ni wọ́n sì máa ń kọ síwájú kí olùrà lè rí i. Ohun tó sábà máa ń wá sí ọkàn ẹni tó ń rà ni pé èyí tó tóbi jù ló dára jù.

Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ní owó, tó ní onímọ̀ ẹ̀rọ, tó sì ní pápá ìdánwò ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, wọ́n sì ti padà. Ohun tí wọ́n rí ni a fẹ́ tò síhìn-ín, nítorí pé kò sí ìdí tí ẹlòmíràn fi ní láti tún fi owó ara rẹ̀ rà á.

2. Ohun tí turbo ń ṣe, àti ìdí tí ìwọ̀n rẹ̀ fi ṣòro

Ẹ́ńjìnì ń jó epo, ṣùgbọ́n epo kò lè jó láìsí afẹ́fẹ́. Kìlógíráàmù epo bẹntiróòlù kan nílò nǹkan bíi kìlógíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 kó tó lè jó tán. Láti fi epo kún epo kò ṣòro. Afẹ́fẹ́ ni ìṣòro wà. Inú sílíńdà ní bí ó ṣe tóbi mọ, kò sì lè gba ju ohun tó kún un lọ, àfi bí a bá fi agbára ti afẹ́fẹ́ náà wọlé kó lè ki pọ̀.

Iṣẹ́ tí turbo ń ṣe nìyẹn. Ó ní fáànù méjì lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnì ń yí fáànù kìíní; a ó pè é ní fáànù èéfín. Bí ó ti ń yí, ọ̀pá náà ń yí fáànù kejì, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, tó sì ń tì í sínú ẹ́ńjìnì. A ó pè é ní fáànù afẹ́fẹ́. Fáànù kọ̀ọ̀kan wà nínú ìkarahun tirẹ̀, tó ká bí ti ìgbín. Àwọn mẹkáníìkì tó ń sọ Faransé pàápàá máa ń pè é ní «escargot». Fáànù yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Agbára tó ń yí turbo kò wá láti ibòmíràn ju inú èéfín tí à bá dà nù lọ. Èyí ni ẹwà rẹ̀, èyí náà sì ni ìṣòro rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì kò bá tíì sáré, èéfín kò pọ̀. Bí èéfín kò bá pọ̀, fáànù kò yí dáadáa. Bí fáànù kò bá yí dáadáa, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé, ẹ́ńjìnì kò lè sáré. Awakọ̀ tẹ iná, ó sì ń dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára náà dé lójijì. A ó pe ìdúró yìí ní ìdúródè.

Bí fáànù bá ṣe tóbi tó ló ń pinnu bí ìdúródè yóò ṣe gùn tó. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan hàn án. Ká sọ pé fáànù méjì rí bákan náà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀kan fẹ̀ ju ti èkejì lọ pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Afẹ́fẹ́ tí èyí tó tóbi lè gbà kọjá pọ̀ ju ti èkejì lọ pẹ̀lú ìdá 44, nítorí pé ojú fífẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ fi ìdá 73 ju ti èkejì lọ, nítorí pé fífẹ̀, gígùn àti jíjìn ló ń pọ̀ pa pọ̀. Agbára tí a nílò láti mú etí fáànù náà dé eré kan náà sì fi ìdá 73 pọ̀ sí i pẹ̀lú. Èrè jẹ́ 44, gbèsè jẹ́ 73. Gbogbo ìtàn tó kù wà nínú iye méjì yìí.

3. Láti inú ọkọ̀ ojú omi dé ojú ọ̀run: 1905 sí 1945

Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Alfred Büchi, tí wọ́n bí ní Winterthur ní 1879, ló gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ lórí èrò yìí ní Jámánì ní 1905. Ogún ọdún kọjá kí èrò náà tó di ohun tí ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Láàárín àwọn ọdún 1920, wọ́n fi turbo Büchi sí ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ ojú omi Jámánì méjì, Preussen àti Hansestadt Danzig. Agbára ẹ́ńjìnì náà gòkè láti 1,750 agbára ẹṣin dé 2,500.

Ní àkókò ogun àgbáyé kìíní, Auguste Rateau, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Faransé, gbé turbo sórí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfuurufú. Ní Amẹ́ríkà, Sanford Moss tó ń ṣiṣẹ́ ní General Electric gbé ẹ́ńjìnì Liberty kan gun orí òkè Pikes Peak ní 1918, níbi tó ga ju mítà 4,000 lọ. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ lókè yẹn, ẹ́ńjìnì tí kò ní turbo sì ń sọ agbára rẹ̀ nù. Turbo dá agbára náà padà fún un.

Ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfuurufú jọ ara wọn ní ohun kan: ẹ́ńjìnì wọn máa ń wà lórí eré kan náà fún wákàtí púpọ̀. Kò sí ìyànà, kò sí iná pupa, kò sí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tó sì ń tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí turbo bá pẹ́ kó tó jí, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nítorí náà, ní gbogbo àkókò yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà: báwo ni agbára yóò ṣe pọ̀ tó? Ìbéèrè náà tọ́ fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wọ ojú títì.

4. Turbo dé ojú títì: 1962 sí 1975

Ní 1962, General Motors ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ méjì tó ní turbo jáde fún títà: Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair Monza Spyder. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀ síra. Ti Jetfire ní ilẹ̀kùn kékeré kan tó máa ń ṣí nígbà tí ìfúnpá bá pọ̀ jù, kí èéfín lè gba ẹ̀gbẹ́ fáànù kọjá. Nítorí pé ẹ́ńjìnì náà ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an fúnra rẹ̀, ó tún nílò omi tí wọ́n pò mọ́ methanol kí epo má bàa gbiná kí àkókò rẹ̀ tó tó. Ti Corvair kò ní ilẹ̀kùn. Wọ́n fi ọ̀nà èéfín tó há dí i kó má bàa kọjá ààlà. Jetfire kò ju ọdún méjì lọ lọ́jà. Awakọ̀ tó bá gbàgbé láti rọ omi náà kò ní rí agbára tó sanwó fún.

Ní 1973, BMW gbé 2002 Turbo jáde. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 1,990 cc, agbára rẹ̀ jẹ́ 170 agbára ẹṣin. Agbára ìyí, èyí tí Faransé ń pè ní «couple», dé òkè rẹ̀, 240 Newton-mítà, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan. Lábẹ́ èyí, ọkọ̀ náà dà bí ẹni tó ń sùn. Àìtó epo ọdún 1973 náà kò jẹ́ kó rọgbọ; 1,672 péré ni wọ́n ṣe.

Ọkọ̀ tó mú ìdúródè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni Porsche 911 Turbo tó dé ọjà ní 1975, tí orúkọ rẹ̀ nílé iṣẹ́ ń jẹ́ 930. Lítà 3, turbo kan ṣoṣo, 260 agbára ẹṣin, ẹ́ńjìnì sì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ fojú inú wo awakọ̀ tó wà láàárín ìyànà. Ó tẹ iná, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Nígbà tí turbo jí, gbogbo agbára náà dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, táyà ẹ̀yìn sì yọ̀. Ẹ̀rù bà á, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ìwúwo ọkọ̀ sún síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ tún wá fúyẹ́ sí i, ọkọ̀ sì yí po. Ọ̀nà yìí ni àwọn ènìyàn fi sọ ọkọ̀ náà ní «asọni-dopó». Orúkọ náà kò wá láti inú bí agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó; ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà ní agbára tó jù ú lọ. Àkókò tí agbára náà ń dé ló sọ ọ́ lórúkọ.

5. Ọdún mẹ́ta tó yí ìbéèrè padà: 1977 sí 1979

Nígbà tí Saab ti ilẹ̀ Sweden gbé 99 Turbo hàn ní Frankfurt ní 1977, ẹni tó bá wo iye agbára ẹṣin nìkan lè rẹ́rìn-ín. Ẹ́ńjìnì 1,985 cc, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti BMW dọ́gba, ṣùgbọ́n 145 agbára ẹṣin péré ló ní. Ó dín 25 sí ti BMW.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo agbára ìyí. Ti Saab jẹ́ 235 Newton-mítà, ti BMW jẹ́ 240. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyàtọ̀ ni pé ti Saab dé ní ìyípo 3,000, ti BMW ní 4,000. Ìyípo ẹgbẹ̀rún kan ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Saab fi agbára ẹṣin 25 rà. Wọ́n mú turbo kékeré, tó ń tètè jí, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn èéfín ṣọ́ ọ kó má bàa yí kọjá ààlà nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré gan-an. Wọ́n gbà láti pàdánù díẹ̀ lókè kí wọ́n lè jèrè nísàlẹ̀, níbi tí awakọ̀ máa ń wà lójoojúmọ́: nígbà tó bá ń kọjá ọkọ̀ ẹrù, nígbà tó bá ń jáde láti ìyànà, nígbà tó bá ń gun òkè. BMW dá iṣẹ́ 2002 Turbo dúró láìpẹ́. Saab kò dá turbo dúró mọ́.

Ní ọdún kan náà, ní oṣù keje 1977, Renault gbé RS01 wọ eré Formula 1 ní Silverstone, Jean-Pierre Jabouille ló wà á. Òfin eré nígbà náà fún ẹ́ńjìnì tí kò ní turbo ní lítà 3, èyí tó ní in sì gbọ́dọ̀ wà láàárín lítà 1.5. Renault ló kọ́kọ́ gba ọ̀nà kejì. Wọ́n fi turbo ńlá kan ṣoṣo sí ẹ́ńjìnì V6 wọn. Agbára kò wọ́n wọn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́, awakọ̀ sì ní láti tẹ iná ṣáájú àkókò ní gbogbo ìyànà, kó máa méfò ìgbà tí turbo yóò jí. Ọkọ̀ náà kò parí eré àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ní Monaco, ní 1979, wọ́n gbé ẹ́ńjìnì náà dé pẹ̀lú turbo kéékèèké méjì dípò ńlá kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba èéfín sílíńdà mẹ́ta. Bí a bá padà sí ìṣirò wa, a ó rí ìdí rẹ̀. Fáànù kékeré méjì tí àpapọ̀ afẹ́fẹ́ wọn bá ti ńlá kan dọ́gba kò wúwo ju nǹkan bí ìdá 70 ti ńlá náà lọ. Èéfín kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà, ìwúwo tó dín. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún yẹn, ní Dijon, Jabouille gba ipò kìíní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ̀ tó ní turbo borí nínú eré Formula 1. Saab àti Renault kò ṣe irú ọkọ̀ kan náà, wọn kò sì ní oníbàárà kan náà, síbẹ̀ ibi kan náà ni wọ́n bá ara wọn.

6. Nígbà tí oní-ọkọ̀ di ẹni tó ń yàn

Ọjà turbo tí ènìyàn lè rà fúnra rẹ̀ dàgbà ní àkókò yìí kan náà. Ní Japan, Hiroyuki Hasegawa, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Yamaha rí, wà lára àwọn tó dá HKS sílẹ̀ ní 1973. Ilé iṣẹ́ yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta turbo pẹ̀lú gbogbo ohun tí a fi ń so ó mọ́ ẹ́ńjìnì. Ní Jámánì, Alois Ruf ń mú Porsche, ó ń tún un ṣe. Ọkọ̀ rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, CTR ti 1987, kò gba turbo kan tó tóbi ju ti 930 lọ. Turbo méjì ló fi sí ẹ́ńjìnì lítà 3.4, agbára rẹ̀ sì dé 469 agbára ẹṣin. Ọkọ̀ náà sá 342 kìlómítà ní wákàtí kan ní Nardò, ní Ítálì, ní 1988. Ẹni tó fẹ́ agbára jù nínú gbogbo wọn náà pín in sí méjì.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti ara Toyota Supra tó jáde ní 1993. Láti òpin àwọn ọdún 1980, àwọn ilé iṣẹ́ Japan ti fohùn ṣọ̀kan pé ọkọ̀ tí wọ́n bá ń tà nílé kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ní ju 280 agbára ẹṣin lọ. Ẹ́ńjìnì Supra, 2JZ-GTE, jẹ́ 2,997 cc, irin rẹ̀ sì le ju ohun tí 280 nílò lọ. Toyota fi turbo méjì sí i tó ń ṣiṣẹ́ tẹ̀léra: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ láti ìsàlẹ̀, èkejì ń dara pọ̀ mọ́ ọn ní nǹkan bí ìyípo 4,000. Wọ́n ṣe é kí ìdúródè má bàa sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oní-ọkọ̀ ṣe ni pé wọ́n yọ méjèèjì kúrò, wọ́n sì fi turbo ńlá kan rọ́pò wọn. A kò lè sọ pé gbogbo wọn ṣìnà. Ẹni tó ń sá eré mítà 400 lójú ọ̀nà tó tọ́ máa ń fi ẹ́ńjìnì rẹ̀ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ó jọ ọkọ̀ òfuurufú ju ọkọ̀ ojú títì lọ, turbo ńlá sì bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ti ra ọkọ̀ 1975 padà. Ó ti yọ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ọdún púpọ̀ ṣe, ó sì ti dá ìdúródè padà sínú rẹ̀ pẹ̀lú owó ara rẹ̀.

7. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká lo ẹ́ńjìnì Supra yìí kan náà. Ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ máa ń mu afẹ́fẹ́ tó kún inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Ní ìyípo 6,500, bí ó bá kún dé ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò mu nǹkan bíi lítà 9,250 ní ìṣẹ́jú kan. Ká sọ pé a fẹ́ kí ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó wọlé jẹ́ ìlọ́po méjì ti ìta, a sì ti gbà á kọjá nínú rédíétọ̀ afẹ́fẹ́ títí ó fi tutù dé 50°C. Kìlógíráàmù 2.16 ló wà nínú lítà 1,000 afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlógíráàmù 20 ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń ṣírò pé kìlógíráàmù kan ní ìṣẹ́jú kan ń mú nǹkan bí agbára ẹṣin 22 wá. Nítorí náà, a wà ní àyíká 440.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí. Wọ́n rí 440, wọ́n wá turbo tó lè gbé e. Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. A gbọ́dọ̀ tún un ṣe fún ìyípo 3,000, níbi tí ọkọ̀ máa ń wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Níbẹ̀, ẹ́ńjìnì kan náà kò lè gba ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 9.2 lọ ní ìṣẹ́jú kan ní ìfúnpá kan náà. Turbo tí a bá yàn gbọ́dọ̀ lè ṣe 20, kó sì lè ṣe 9.2.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe turbo máa ń tẹ àwòrán jáde fún fáànù afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan: ìfúnpá wà lórí ìlà tó dúró, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ wà lórí ìlà tó sùn. Láàárín àwòrán náà ni ibi tí fáànù ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù wà. Ìlà kan wà lápá òsì: bí a bá kọjá rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí fáànù ń tì kò rí ibi gbà, ó sì ń ṣẹ́rí padà. Faransé ń pe èyí ní «pompage». Ó ń ké, ó ń gbọ̀n, ó sì ń ba bérìn jẹ́. Lápá ọ̀tún ni òpin ohun tó lè gbà kọjá wà. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbóná ju bó ṣe ń pọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé oní-ọkọ̀ ra turbo tí wọ́n ṣe fún 800 agbára ẹṣin, èyí tó ń fẹ́ kìlógíráàmù 36 ní ìṣẹ́jú kan. Ní 9.2, ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀: bóyá kí èéfín má tó láti yí i dé ìfúnpá náà, bóyá kó yí i débẹ̀, kí ó sì bọ́ sápá òsì ìlà. Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì.

Ìkarahun fáànù èéfín náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Iye tí wọ́n ń kọ sí i, A/R, ń fi bí ẹnu ọ̀nà èéfín ṣe fẹ̀ wé bí ó ṣe jìnnà sí àárín fáànù. Bí A/R bá kéré, bíi 0.63, èéfín há, ó ń sáré, fáànù ń tètè jí. Ṣùgbọ́n lókè, èéfín kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ẹ́ńjìnì sì ń gbóná. Bí ó bá tóbi, bíi 1.06, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, kékeré jù náà léwu. Turbo tó kéré jù yóò yí kọjá ààlà, yóò sun afẹ́fẹ́, epo yóò sì máa gbiná kí àkókò rẹ̀ tó tó títí písítìn yóò fi fọ́.

8. Ọ̀rọ̀ àti ìwọ̀n

Fún àwa tí èdè jẹ́ iṣẹ́ wa, orúkọ turbo lójú ọjà gba àfiyèsí. Ẹ mú GT3076R ti Garrett. GT jẹ́ orúkọ ìdílé, 30 ń sọ ẹgbẹ́ ìwọ̀n tó wà, 76 ń sọ bí fáànù afẹ́fẹ́ ṣe fẹ̀ ní mìlímítà, R ń sọ pé bérìn rẹ̀ jẹ́ oníbọ́ọ̀lù. Ègé kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀, gẹ́gẹ́ bí mọ́fíìmù inú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò sọ ohunkóhun nípa A/R ìkarahun rẹ̀. Ẹni tó bá fi orúkọ nìkan rà á ti gbọ́ ìdajì gbólóhùn.

Ọ̀rọ̀ fún ìdúródè náà yàtọ̀ láti èdè dé èdè. Faransé ń sọ pé «temps de réponse»: turbo ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè, òun ló ń dáhùn. Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé «lag»: turbo ń rìn lẹ́yìn. A dábàá ìdúródè nítorí pé ó gbé awakọ̀ sí àárín ọ̀rọ̀ náà: òun ló ń dúró de agbára, òun náà ni ewu rẹ̀ bá.

Fún ìwọ̀n, «taille» àti «size» ń sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó, láìsọ ohun tí a fi wọ̀n ọ́n. Nínú Yorùbá, ìwọ̀n ti ara ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀n jáde, a kì í sì í wọn nǹkan láìní ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kan náà fi wà nínú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń sọ pé ohun kan tóbi, a sì ń sọ pé ó tó. Wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnì ní èdè wa ní irinṣẹ́ tó dára lọ́wọ́ níhìn-ín. Kí ó má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé «turbo wo ló tóbi jù?» Kí ó kọ́ ọ láti béèrè pé «èwo ni ìwọ̀n ẹ́ńjìnì yìí, àti ní ìyípo wo?»

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Büchi wọn ìtẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi, ó sì bá a mu. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ọdún 1973 àti 1975 gbé ìtẹ́ ńlá fún eku tó ń sáré, tó ń dúró, tó tún ń sáré. Saab, Renault àti Ruf padà lọ wọn eku náà. Ẹni tó ń lọ ra turbo lónìí kò nílò ju kó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ: kó mọ ìyípo tí òun ń lò lójoojúmọ́, kó ṣírò afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ níbẹ̀ àti lókè, kó sì yan turbo tó gba méjèèjì kí ó tó san owó.